Bí A Ṣe Ń Tẹ Àwòrán Láti Ojú Òkúta, Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Rẹ̀ ní Munich

Ẹ wo abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ ọbẹ̀ tán. Tí ẹ bá bu omi sí i, omi náà kò ní dúró síbi tí epo bá wà. Á sá kúrò níbẹ̀, á lọ ṣù jọ síbi tí kò sí epo. Orí nǹkan kan ṣoṣo yìí ni iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní lítógíráfì dúró lé. Ẹ fi ohun tó lọ́ràá ya àwòrán sójú òkúta, ẹ fi omi pa gbogbo ojú rẹ̀, ẹ wá yí íǹkì olóròóró lé e. Íǹkì á gbá mọ́ ibi tí ẹ yà, omi á sì lé e sẹ́yìn níbi tó kù. Ẹ tẹ́ ìwé lé e, ẹ fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, àwòrán ti bọ́ sórí ìwé nìyẹn.

Mo fẹ́ kí èyí yé wa kí á tó fọwọ́ kan òkúta, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó gbọ́ pé àwọn ará Jámánì ń tẹ àwòrán láti ojú òkúta ló máa ń rò pé gbígbẹ́ ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, bí oníṣọ̀nà ṣe ń gbẹ́ igi. Kò sí gbígbẹ́ níbẹ̀. Bí òkúta ṣe tẹ́ nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ náà ló ṣe máa tẹ́ nígbà tí ẹ bá parí. Tí ẹ bá di ojú, tí ẹ fi ìka ra á, ẹ kò ní mọ ibi tí àwòrán wà. Gbogbo ìtọ́jú tí mo máa kọ sísàlẹ̀ yìí, ìtọ́jú ibi méjì ni: ibi tó fẹ́ epo àti ibi tó fẹ́ omi. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn á lè rí ìdí àṣìṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ọ̀gá kan dúró tì í.

Bí Senefelder ṣe dé ibẹ̀

Alois Senefelder ló rí ọ̀nà náà. Ìlú Prague ni wọ́n bí i sí ní 1771, àmọ́ Munich ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣe eré tíátà. Ó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Ingolstadt nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1791, kò sì sí owó láti máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Ó yíjú sí eré kíkọ. Owó tí àwọn atẹ̀wé ń gbà kò jẹ́ kó rí èrè kankan mú délé, ló bá pinnu pé òun á máa tẹ ìwé òun fúnra òun. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí páànù bàbà, ó ń kọ ọ̀rọ̀ ní ìdàkejì kó lè ṣeé kà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Bàbà wọ́n, lílọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìdánrawò kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ ẹ́ tín-ín-rín. Òkúta ẹfun láti Kelheim, létí odò Danube, kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó sì rọrùn láti lọ̀ mọ́. Bí òkúta ṣe wọ ilé rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan ní 1796, ìyá rẹ̀ ní kó bá òun kọ iye aṣọ tí alágbàfọ̀ fẹ́ kó lọ. Alágbàfọ̀ ti ń dúró. Kò sí bébà nílé, íǹkì tí wọ́n fi ń kọ̀wé ti gbẹ. Senefelder mú íǹkì tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ pò, ìda, ọṣẹ àti dúdú èéfín àtùpà, ó sì kọ iye aṣọ náà sójú òkúta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán, pé òun á dà á kọ tí bébà bá dé. Nígbà tó fẹ́ nù ún kúrò ló sọ sí i lọ́kàn pé kí òun da ásíìdì lé e wò. Ásíìdì jẹ òkúta díẹ̀ yí ọ̀rọ̀ náà ká, àwọn lẹ́tà ṣẹ́kù sókè ní bíńtín, ó sì tó láti gba íǹkì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.

Ìyẹn kò tíì jẹ́ lítógíráfì o. Lẹ́tà tó yọ sókè gba íǹkì bí lẹ́tà òjé àwọn atẹ̀wé ṣe ń gbà á ni. Òun àti Franz Gleissner, olórin kan ní Munich, fi ọ̀nà yẹn tẹ ìwé orin lọ́dún kan náà. Ó di nǹkan bí ọdún méjì sí i kí Senefelder tó rí i pé kò sídìí fún lẹ́tà láti yọ sókè rárá. Tí òkúta bá ti mu ọ̀rá níbì kan, tí gọ́ọ̀mù, ìyẹn oje igi kan, àti omi sì ti gba ibi tó kù, òkúta tó tẹ́ pẹrẹsẹ á tẹ̀wé. Títẹ̀wé oníkẹ́míkà ló pè é, orúkọ yẹn ló sì bá iṣẹ́ náà mu jù lójú tèmi. Johann Anton André, tó ń tẹ ìwé orin ní Offenbach, ra ìmọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1801 Senefelder gba ìwé ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ ní London. Ní 1818, ó kó gbogbo ohun tó mọ̀ sínú ìwé ẹ̀kọ́ kan tó tẹ̀ jáde ní Munich. Ipa ọ̀nà rẹ̀ ni mò ń tọ̀ nísàlẹ̀ yìí; mo kàn fi ohun èlò òde òní rọ́pò níbi tó bá yẹ.

Òkúta náà

Òkúta ẹfun ni, ìbátan èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo òkúta ẹfun ló ṣeé lò. Èyí tó dára jù láyé wá láti Solnhofen àti agbègbè rẹ̀ ní Bavaria, ìpínlẹ̀ Jámánì tí Munich jẹ́ olú ìlú rẹ̀, láàárín Nuremberg àti Munich. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 ọdún sẹ́yìn, ẹrẹ̀ ẹfun tó kúnná bí àtíkè ń rọra balẹ̀ sísàlẹ̀ omi tó pa rọ́rọ́ níbẹ̀, ìpele lórí ìpele, láìsí ìgbì tó ń dà á rú. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní hóró nínú, tó sì ṣeé là ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ó kúnná débi pé ó pa ìyẹ́ ẹyẹ mọ́: ní 1861, nígbà tí Hermann von Meyer fún ẹ̀dá abìyẹ́ ayé àtijọ́ tí wọ́n rí nínú rẹ̀ lórúkọ, ó pè é ní Archaeopteryx lithographica, ó fi iṣẹ́ àwọn atẹ̀wé olókùúta sọ ọ́.

Tí ẹ bá ń yan òkúta, ẹ da omi lé e lójú kí ẹ tó san owó. Omi ló ń tú àṣírí àbààwọ́n: ìlà ìpẹtà, ìlà tó ń dán bíi dígí, àmì tótòtó. Ìlà tó ń dán yẹn kò ní gba ọ̀rá bí ara òkúta tó kù ṣe ń gbà á, á sì hàn nínú iṣẹ́ yín bí irun funfun. Ẹ wo àwọ̀ pẹ̀lú. Èyí tó pọ́n bí ìyeyè rọ̀, ó dára fún ìdánrawò àti iṣẹ́ tí kò gba ìlà wẹ́wẹ́. Èyí tó dà bí eérú le, ó sì ń pa ìlà tín-ín-rín mọ́. Tí ẹ bá lágbára rẹ̀, òun ni kí ẹ rà. Ẹ wá fi ìka kàn án. Èyí tó ti sán nínú máa ń dún bí ìkòkò tó sán.

Nínípọn rẹ̀ ṣe pàtàkì, torí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń tẹ̀ ẹ́ gidigidi. Sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10 ló dára fún òkúta tó fẹ̀. Òkúta tó gùn ní 50, tó fẹ̀ ní 40, tó nípọn ní 8 sẹ̀ǹtímítà á wọ̀n tó kílò 40, nítorí náà ẹ má ṣe dá a gbé.

Lílọ̀ òkúta

Nígbà ayé Senefelder, òkúta méjì ni wọ́n máa ń dojú kọ ara wọn, pẹ̀lú iyanrìn tí wọ́n ti sẹ́ àti omi láàárín, wọ́n á sì máa yí tòkè po. Lónìí, a ń lo àwo irin wíwúwo tó ní ọwọ́, a sì ń fi pàúdà carborundum dípò iyanrìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó rí gàn-ún gàn-ún, nọ́ńbà 80 tàbí 100, ẹ lọ sí 180, ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú 220. Ẹ wọ́n omi, ẹ bu pàúdà lé e, ẹ máa fa àwo náà bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8, láti etí dé etí. Nígbà tí omi náà bá ti ki bí ògì tí àwo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán. Tí àwòrán àtijọ́ bá wà lójú òkúta, ẹ má tan ara yín jẹ pé ó ti lọ torí pé ẹ kò rí i mọ́. Ọ̀rá a máa wọlé. Ẹ lọ̀ ọ́ dáadáa kọjá ibi tí ojú ti rí i kẹ́yìn.

Ọwọ́ a máa sinmi jù sí àárín, àárín á sì jìn. Ẹ gé bébà tín-ín-rín méjì, ẹ fi ọ̀kan sí etí òkúta, ọ̀kan sí àárín, ẹ gbé rúlà onírin lé wọn lórí, kí ẹ wá fà wọ́n. Tí ti etí bá dì pinpin tí ti àárín sì ń yọ̀, àárín ti jìn nìyẹn. Ẹ padà sí nọ́ńbà 80. Ẹ wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bákan náà, kí apá kan má nípọn ju èkejì lọ. Mo mọ̀ pé ó ń súni. Ṣùgbọ́n òkúta tí kò dọ́gba ni ẹ̀rọ ń là sí méjì, kò sí ohun tó ń lẹ̀ ẹ́ padà.

Ẹ fi fáìlì yí gbogbo etí rẹ̀ kó má mú bí ọ̀bẹ, torí etí tó mú máa ń gba íǹkì. Fún yíyà pẹ̀lú kíréyọ́ọ̀nù, ojú òkúta gbọ́dọ̀ ní eyín kéékèèké tó ń họ ọ̀rá kúrò lára kíréyọ́ọ̀nù. 220 ti tó. Fún kálàmù àti ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi òkúta ìfọsẹ̀ tó fúyẹ́ yẹn dán an títí yóò fi yọ̀ bíi dígí. Ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án nù, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi bébà mímọ́ bò ó.

Láti ìgbà yìí lọ, ẹ má fi ọwọ́ kan ojú òkúta. Òkúta kejì tí mo lọ̀ láyé mi, mo lọ jẹ dòdò kí n tó padà sí i. Mo ti nu ọwọ́ mi. Mo gbé e láti etí, àtàǹpàkò mi kan ojú rẹ̀ lápá òsì, n kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí mo yí íǹkì lé e, àtàǹpàkò náà jáde dúdú kirimú, gbogbo ìlà rẹ̀ pé bíi ti ẹni tó tẹ̀ka níbi ìdìbò.

Yíyà

Ohun márùn-ún ni wọ́n sábà fi ń ṣe kíréyọ́ọ̀nù yìí láti ìbẹ̀rẹ̀: ìda oyin, ọ̀rá ẹran, ọṣẹ, ṣẹ́láàkì (oje líle tí kòkòrò kan ń ṣe) àti dúdú èéfín àtùpà. Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí ìkọ̀ọ̀kan ń ṣe, torí ohun tó ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lára nìyí. Ọ̀rá àti ọṣẹ ló ń wọ inú òkúta tó sì ń bá ẹfun inú rẹ̀ dàpọ̀ di ohun tuntun tí omi kò lè fọ̀ mọ́. Ìda àti ṣẹ́láàkì ń mú kó le kó lè ṣeé mú dání. Dúdú èéfín kò ṣe ju pé kí ẹ rí ohun tí ẹ ń yà. Ẹ̀yin tó mọ pẹ́ńsùlù, ẹ gbọ́ dáadáa: dúdú tí ẹ ń rí lójú òkúta kọ́ ló ń tẹ̀wé, ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ ni. Ìlà pẹ́ńsùlù dúdú kò ní tẹ̀ ohunkóhun. Òógùn iwájú orí tó kán sílẹ̀, tí ẹ kò rí rárá, lè ba ojú òkúta jẹ́.

Gbogbo àwòrán á yí padà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ẹ gbé dígí síwájú àwòrán tí ẹ ń wò, kí ẹ máa ya èyí tó wà nínú dígí. Tí ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ fa ìlà atọ́nà, ẹ fi àtíkè ilẹ̀ pupa tó gbẹ, tó kúnná, ra ẹ̀yìn bébà tín-ín-rín, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín àwòrán àti òkúta, kí ẹ fi ohun ṣóńṣó tọ ìlà náà. Pupa yẹn kò ní ọ̀rá, kò ní tẹ̀wé. Ẹ má lo bébà kábọ́ọ̀nù. Ọ̀rá wà nínú rẹ̀.

Ẹ gbé pátákó kan kọjá lókè òkúta bí afárá, orí rẹ̀ ni apá yín á máa sinmi lé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíréyọ́ọ̀nù tó le fún ibi tó mọ́lẹ̀, ẹ fi èyí tó rọ̀ parí ibi dúdú. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ wọlé bí ẹni ń fi bírò kọ̀wé. Ẹ máa fẹ́ ẹ lé e, ìpele lórí ìpele, títí tí eyín òkúta á fi kún díẹ̀díẹ̀. Èyí tí a ń pò mọ́ omi, tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Tusche, ẹ lè fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí kálàmù kùn ún. Ibi tí ẹ bá fẹ́ kó funfun nini, ẹ fi gọ́ọ̀mù kùn ún kí ẹ tó yà. Ẹni tó ti rí bí ìyá aládìírẹ ṣe ń fi ẹ̀kọ bo aṣọ kí aró má baà débẹ̀ ti mọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí Senefelder fẹ́ràn púpọ̀, òun ló tilẹ̀ kà sí apá tó ṣe pàtàkì jù nínú ohun tó rí: ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú íǹkì ọlọ́ràá sórí bébà tí wọ́n ti fi sítáàṣì àti gọ́ọ̀mù pa lójú, ẹ dojú bébà náà dé òkúta, ẹ fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi omi rẹ bébà kúrò. Ọ̀rọ̀ á ṣẹ́kù sójú òkúta, á sì ti yí padà fúnra rẹ̀, ẹ kò nílò dígí. Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àti àwọn oníṣòwò gbádùn èyí gan-an, torí akọ̀wé lásán lè kọ lẹ́tà tí wọ́n máa tẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀dà.

Gọ́ọ̀mù àti ásíìdì

Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù, nítorí náà ẹ bá mi fara balẹ̀.

Gọ́ọ̀mù arábíìkì ni oje igi akéṣíà tó ń hù ní ilẹ̀ Sahel. Ó ń jáde ní Borno, Yobe àti Jigawa, àwọn oníṣòwò ń kó o lọ sókè òkun, nítorí náà kò yẹ kó ṣòro fún wa láti rí. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, gọ́ọ̀mù ìdá kan sí omi ìdá méjì, ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Kó ṣàn bí òróró, kó má ki bí oyin. Kì í pẹ́ kan, ẹ má po púpọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi àtíkè rósìnì, oje igi páìnì tó ti gbẹ, fẹ́ ojú àwòrán, lẹ́yìn náà pàúdà funfun tí a fi ń pa ọmọ lára, èyí tí kò ní òróró. Rósìnì ń gba ọ̀rá lọ́wọ́ ásíìdì. Pàúdà ń jẹ́ kí gọ́ọ̀mù wọ gbogbo kọ̀rọ̀ láì sá. Ẹ wá po ásíìdì náítíríìkì mọ́ gọ́ọ̀mù: ẹ kán ásíìdì sínú gọ́ọ̀mù, ẹ má ṣe da gọ́ọ̀mù sínú ásíìdì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi ohun bo ojú, ẹ ṣí fèrèsé. Fún gọ́ọ̀mù mílílítà 30, àwòrán fẹ́ẹ́rẹ́ á gba bí ẹ̀kán 3 sí 6. Èyí tó wà láàárín, 8 sí 12. Ibi tí ọ̀rá ti nípọn gan-an, 15 sí 20. Òkúta aláwọ̀ ìyeyè ò gbà tó ti aláwọ̀ eérú. Ẹ kọ́kọ́ kán an sí etí òkúta kí ẹ wò ó. Tó bá rọra yọ ìfóòfó wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó dára. Tó bá ru gùdù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí mínírà tí wọ́n mì pọ̀ kí wọ́n tó ṣí i, ó ti le jù, ẹ fi gọ́ọ̀mù kún un.

Ẹ da gọ́ọ̀mù lásán sí gbogbo ojú òkúta, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kùn ún, kí ẹ wá gbé èyí tó ní ásíìdì lọ sí ibi dúdú, ẹ máa tì í kiri fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún títí tí ohun tó ṣẹ́kù á fi tín-ín-rín bí èèpo àlùbọ́sà, kó sì gbẹ. Tí gọ́ọ̀mù bá nípọn tó sì ṣe ìlà ìlà, gbogbo ìlà yẹn ni ẹ máa rí nínú àwòrán. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ásíìdì yìí kò wá láti jẹ òkúta. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ṣí ojú òkúta sílẹ̀ kí gọ́ọ̀mù lè di mọ́ ibi tí kò sí ọ̀rá, kó máa fa omi mọ́ra níbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé bí ásíìdì bá ṣe pọ̀ tó ni àwòrán á ṣe lágbára tó yóò jí i rí ibi fẹ́ẹ́rẹ́ tó ti jóná.

Ìgbà tí àwòrán bá pòórá

Ẹ da tọpẹntáìnì díẹ̀ sójú òkúta náà bó ṣe wà, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù gbígbẹ lójú rẹ̀, ẹ fi àkísà nù ún. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan á di ẹrẹ̀ dúdú, á lọ mọ́ àkísà. Ojú òkúta á funfun. Tí ẹ bá tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bá kọjá lórí rẹ̀, ẹ lè rí ojú àwòrán náà fírífírí bí ibi tí omi ti gbẹ lára ògiri. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ọwọ́ mi dúró. Ọkùnrin àgbà tó ń kọ́ mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn na ìgò bítúmẹ́nì sí mi. Àwòrán kò lọ ibì kankan: dúdú èéfín àti ìda ló lọ, ọ̀rá tó ti wọ òkúta wà níbẹ̀.

Ẹ fi bítúmẹ́nì tí a pò mọ́ tọpẹntáìnì ra gbogbo ojú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fẹ́ ẹ gbẹ. Ẹ wá fi omi àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́. Gọ́ọ̀mù tó wà lábẹ́ á yọ́, á gbé bítúmẹ́nì tó wà lórí rẹ̀ lọ, bítúmẹ́nì á sì ṣẹ́kù kìkì síbi tí ọ̀rá wà. Àwòrán á tún yọ lábẹ́ ọwọ́ yín ní àwọ̀ ilẹ̀.

Íǹkì, ìwé àti ẹ̀rọ

Íǹkì rẹ̀ jẹ́ dúdú èéfín nínú òróró èso ọ̀gbọ̀ tí wọ́n ti sè títí tó fi ki. Kó le. Íǹkì tó rọ̀ ló ń ba òkúta jẹ́ jù. Ẹ tẹ́ ẹ sórí dígí, ẹ fi rólà aláwọ ẹran yí i títí tó fi ń dún ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀.

Ẹ ní abọ́ omi méjì àti kànrìnkàn méjì, ọ̀kan fún fífọ̀, ọ̀kan fún rírẹ. Ẹ rẹ òkúta kí omi jókòó lé e ní pẹ́lẹ́bẹ́ bí èémí lójú dígí; tí ẹ bá rí i tó ń ṣàn, ó ti pọ̀ jù. Ẹ yí rólà lọ, ẹ yí i bọ̀, nígbà mẹ́ta mẹ́rin. Ẹ tún rẹ ẹ́, ẹ tún yí i. Òkúta kò gbọ́dọ̀ gbẹ rárá. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ẹni méjì máa ṣe é, ọ̀kan pẹ̀lú omi, ọ̀kan pẹ̀lú rólà. Nígbà tí àwòrán bá ti kún, ẹ tún fi rósìnì, pàúdà àti gọ́ọ̀mù alásíìdì ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i bíi ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó tẹ̀.

Ẹ lo ìwé tí wọ́n fi òwú ṣe, ẹ rẹ ẹ́ díẹ̀ láti àná, ẹ tò ó sáàárín nálọ́ọ̀nù. Ẹ̀rọ òkúta kò jọ ẹ̀rọ oníyíyí tí wọ́n fi ń tẹ bàbà. Pátákó líle tó tinrín, tí wọ́n fi awọ bò létí, ló ń họ ẹ̀yìn ìwé kọjá. Senefelder lo ẹ̀rọ kan tí òpó gígùn ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, pátákó yẹn sì wà ní ìsàlẹ̀ òpó; wọ́n ń fà á kọjá lórí ìwé. Èyí tó wá lẹ́yìn rẹ̀, òkúta ló ń rìn lábẹ́ pátákó. Pátákó gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju àwòrán lọ, kó sì kéré ju òkúta lọ. Ẹ tẹ́ ìwé, ẹ tẹ́ bébà ìròyìn méjì lé e, ẹ fi ìdérí bò ó, ẹ fi ọ̀rá ẹran pa ẹ̀yìn ìdérí kí awọ lè yọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbára díẹ̀, ẹ fi kún un. Àwọn ẹ̀dà mẹ́rin márùn-ún àkọ́kọ́ á ṣì fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fi bébà tí kò wọ́n gbà wọ́n.

Tí nǹkan bá dàrú

Tí etí bá ń dúdú, nínú mẹ́ta, ọ̀kan ni: omi kéré, íǹkì rọ̀ jù, tàbí gọ́ọ̀mù kò gbá mọ́ òkúta dáadáa. Ẹ da omi sí i, ẹ yí rólà kíákíá láì tẹ̀ ẹ́. Rólà tó ń sáré máa ń kó íǹkì kúrò, èyí tó ń fà ń fi sílẹ̀. Tí kò bá lọ, ẹ fi gọ́ọ̀mù bò ó kó sinmi. Tí ibi fẹ́ẹ́rẹ́ bá ń pòórá, ásíìdì ti jẹ ẹ́, tàbí omi ń pọ̀ jù. Fún ohun tí ẹ fẹ́ yọ, ẹ fi ọ̀bẹ mímú họ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ kí ẹ tún fi gọ́ọ̀mù alásíìdì kan ibẹ̀. Fún ohun tí ẹ fẹ́ fi kún un, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọtí kíkan tàbí omi álọ́ọ̀mù fọ ibẹ̀ kí gọ́ọ̀mù lè ṣí, kí òkúta lè tún gba ọ̀rá.

Tí ẹ bá parí, ẹ fi íǹkì kún àwòrán, ẹ fi gọ́ọ̀mù bo gbogbo rẹ̀, ẹ gbé e sípamọ́. Ó lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọba Bavaria fi ọ̀nà yìí tẹ àwòrán ilẹ̀ gbogbo ìlú rẹ̀ nítorí owó orí ilẹ̀. Láti 1809 ni Senefelder ti di ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó iṣẹ́ náà, òkúta tó lé ní 26,000 sì ṣì wà nípamọ́ ní Munich títí di òní.

Tí ẹ kò bá rí òkúta

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní rí òkúta Solnhofen rà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Ṣómólú, ẹ wo àwọn tó ń fi ẹ̀rọ Heidelberg tẹ ìwé ìpè ìyàwó àti kàlẹ́ńdà. Pléètì alumíníọ̀mù tó wà lára ẹ̀rọ yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ, rólà omi wà fún un, rólà íǹkì wà fún un. Ọ̀nà Senefelder gan-an ni. Òun fúnra rẹ̀ ti gbìyànjú irin dípò òkúta kó tó kú ní 1834.

Ẹ lè fi fóìlì ìdáná bẹ̀rẹ̀ nílé. Ẹ nà án mọ́ dígí tàbí ike tó tẹ́, kí ojú tí kò dán wà lókè, kí ọwọ́ má kàn án. Ẹ fi ẹ̀rún ọṣẹ gbígbẹ tàbí kíréyọ́ọ̀nù ọlọ́ràá yà á. Ẹ da Coca-Cola lé gbogbo rẹ̀ kó kọjá lórí rẹ̀ fún bí ìdajì ìṣẹ́jú. Ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì wà nínú rẹ̀, òun ló ń ṣe iṣẹ́ tí gọ́ọ̀mù alásíìdì ń ṣe lójú òkúta. Ẹ fi omi ṣàn án. Ẹ fi òwú tí ẹ ti kì bọ òróró ìdáná nu àwòrán náà kúrò, ẹ fi kànrìnkàn rẹ ẹ́, ẹ yí íǹkì olóròóró tó le lé e, ẹ tún rẹ ẹ́, ẹ tún yí i. Ẹ tẹ́ ìwé tí ẹ ti rẹ díẹ̀ lé e, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí ra gbogbo ẹ̀yìn ìwé láti àárín lọ sí etí. Fóìlì máa ń ya lẹ́yìn ẹ̀dà díẹ̀. Kí ó tó ya, ẹ tẹ èyí tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ ní ẹ̀dà kẹta, torí àwọn méjì àkọ́kọ́ kì í ní íǹkì tó.